Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí ìbọn bá kọ̀ láti dún lẹ́nu ìdíje?

Ní ọjọ́ 25, oṣù Keje, ọdún 2021, Manu Bhaker, ọmọbìnrin ẹni ọdún 19 láti orílẹ̀-èdè India, dúró sórí ìlà ní pápá ìyìnbọn Asaka, lẹ́bàá ìlú Tokyo. Ìdíje Olympics àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ India sì ti ń retí pé yóò gba àmì ẹ̀yẹ wálé. Ọta 60 ló gbọ́dọ̀ yìn láàárín ìṣẹ́jú 75. Kò tíì yìn tó 20 nínú rẹ̀ tí ìbọn ọwọ́ rẹ̀ fi daṣẹ́ sílẹ̀.

Wọ́n gbé ìbọn náà kúrò lórí ìlà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n pààrọ̀ irin kan, wọ́n tún rí i pé ẹ̀yà tó ń lo iná mànàmáná nínú rẹ̀ ti bàjẹ́, wọ́n pààrọ̀ ìyẹn náà. Ní gbogbo àsìkò yìí, aago kò dúró. Nígbà tí ọmọbìnrin náà yóò fi padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ti pàdánù ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 15, ó sì di dandan kó máa kánjú yìn èyí tó kù. Máàkì 575 ló gbà, ó ṣe ipò 12. Ẹni mẹ́jọ péré ló ń lọ sí àṣekágbá, máàkì 2 ló sì gé e kúrò lára wọn.

Ìbọn atẹ́gùn ni Bhaker lò lọ́jọ́ náà. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀tù, kò ní iná, ọta kan ṣoṣo sì ni wọ́n ń kì sí i lẹ́ẹ̀kan. Bí òun bá lè já olówó rẹ̀ kulẹ̀ báyìí, ibi tí ìbọn ìléwọ́ tó ń kì ara rẹ̀, èyí tí wọ́n ń lò fún ìdíje mítà 25, ti lè daṣẹ́ sílẹ̀ pọ̀ ju tirẹ̀ lọ fíìfíì.

Ìfà kan, ọta kan

Ẹni tó bá ti rí ọdẹ tó ń kì ṣakabùlà mọ̀ pé iṣẹ́ náà ń gba àkókò: ọdẹ yóò da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, yóò fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, kó tó wá kan ọta. Ìbọn ìléwọ́ tó ń kì ara rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ yìí kí ojú tó ṣẹ́. Bí ọta kan bá ti jáde, agbára ẹ̀tù tó jó yóò ti irin ẹ̀yìn ìbọn sẹ́yìn. Ìkọ́ kékeré kan lára irin yìí yóò fa èèpo ọta tó ti jó jáde, èèpo náà yóò sì ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sípíríǹgì yóò wá ti irin ọ̀hún padà síwájú, yóò gbá ọta tuntun láti inú ilé ọta wọ ìdí ọ̀pá ìbọn. Bí ẹni tó mú un kò bá tún fa tírígà, ìyẹn irin kékeré tí ìka ìtọ́ka ń fà, kò ní dún mọ́. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí ìbọn arọ̀jò-ọta tí àwọn ológun ń lò.

Ìdíje tó dán irú ìbọn yìí wò jù ní Olympics ni ti ìyìnbọn kíákíá tí àwọn ọkùnrin ń ṣe. Pátákó márùn-ún ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní mítà 25. Ayìnbọn yóò fi ọwọ́ kan ṣoṣo mú ìbọn, yóò dojú rẹ̀ kọlẹ̀, yóò sì dúró de iná. Bí iná aláwọ̀ ewé bá ti tàn, yóò gbé ọwọ́ sókè, yóò sì yìn ọta kọ̀ọ̀kan sí pátákó kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú àáyá 8 ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un, lẹ́yìn náà 6, lẹ́yìn náà 4. Ọta márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin! Kò sí àyè fún ìbọn láti kọsẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń mú ìbọn bá ọwọ́ mu

Àwọn tí kò mọ eré yìí máa ń rò pé agbára ni wọ́n ń wá bí wọ́n bá ń tún ìbọn ìdíje ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọta tí wọ́n ń lò fún mítà 25, èyí tí wọ́n ń pè ní .22 Long Rifle, wà lára àwọn tó kéré jù lágbàáyé. Ohun tí ayìnbọn ń wá ni kí ìbọn bọ́ sí ojú kan náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá gbé e, bí ẹni tó ti bàtà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ̀n.

Èèkù ìbọn ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Igi ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, wọ́n á gbẹ́ ibi tí àtàǹpàkò yóò sùn sí, wọ́n á sì ṣe pèpéle kékeré kan sísàlẹ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ yóò gbé lé. Ayìnbọn yóò wá máa fá a díẹ̀díẹ̀, yóò máa fi àtè igi dí ibi tó bá ṣófo, títí kò fi ní sí ibì kankan tó ń ro ó tàbí tó ń jò. Iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ni fún ẹlòmíràn. Nítorí náà ni kì í fi í yá wọn lára láti sáré mú ìbọn mìíràn bí èyí tí wọ́n mọ̀ bá bàjẹ́. Ìbọn kejì lè jẹ́ irú kan náà láti iléeṣẹ́ kan náà, síbẹ̀ kó dà bí ẹni pé ọwọ́ àjèjì ni wọ́n fi ń yìn ín.

Károly Takács, ọmọ ogun ilẹ̀ Hungary, mọ ohun tí ọwọ́ àjèjì ń jẹ́. Lọ́dún 1938, gírínéédì bú gbàmù mọ́ ọn lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tó fi ń yìnbọn. Ó kọ́ òsì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ló gba ipò kìíní nínú ìdíje ìbọn ìléwọ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó sì gba góòlù Olympics nínú ìyìnbọn kíákíá nílùú London lọ́dún 1948, ó tún gbà á ní Helsinki lọ́dún 1952.

Lẹ́yìn èèkù ló kan tírígà. Bí ó bá le jù, ìka yóò fa gbogbo ìbọn kúrò lójú ibi tí ayìnbọn ń wò. Bí ó bá rọ̀ jù, ìbọn lè dún kí ẹni tó mú un tó ṣe tán. Àjọ ISSF tó ń ṣàkóso eré yìí lágbàáyé ti fi ààlà sí i: tírígà ìbọn mítà 25 kò gbọdọ̀ rọ̀ ju kí ó lè gbé ìwọ̀n 1000 gírámù, ti ìbọn atẹ́gùn kò sì gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí 500. Wọn kì í fi ẹnu lásán wádìí èyí. Òṣìṣẹ́ ìdíje yóò na ẹnu ìbọn sókè ọ̀run, wọ́n á fi tírígà náà gbé ìwọ̀n irin nílẹ̀. Bí ìbọn bá já kí irin tó kúrò nílẹ̀, ó ti kùnà nìyẹn.

Wọ́n tún máa ń so irin kéékèèké mọ́ apá iwájú kí ẹnu ìbọn má baà ta sókè púpọ̀ lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan, nítorí àkókò tó fi ń sọ̀ kalẹ̀ padà ni ayìnbọn ń pàdánù. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹrù ìbọn kò gbọdọ̀ ju 1400 gírámù lọ, ó sì gbọdọ̀ wọ inú àpótí tó gùn ní mìlímítà 300, tó ga ní 150, tó fẹ̀ ní 50. Wọn ò fàyè gba awò amú-nǹkan-tóbi tàbí iná lésà. Irin ìfojúsùn iwájú àti ti ẹ̀yìn, kò tán?

Àwọn ààlà yìí ní ìtàn. Ní àárín àwọn ọdún 1950, àwọn ayìnbọn ilẹ̀ Soviet gbé ìbọn kan jáde tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò: ọ̀pá ìbọn wà nísàlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìka dọ́gba, nítorí náà ìbọn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ta sókè. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin eré náà kò fẹ́ ẹ. Òfin òní sọ pé ọ̀pá ìbọn gbọ́dọ̀ gba òkè àárín àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka kọjá. Lẹ́yìn Olympics ọdún 2004 ni wọ́n tún pa ọta kúkúrú tí kì í ta ìbọn sókè púpọ̀ rẹ́ nínú ìyìnbọn kíákíá, tí gbogbo ayìnbọn sì ní láti pààrọ̀ ìbọn.

Yusuf Dikeç, ọmọ Turkey ẹni ọdún 51 tí àwòrán rẹ̀ gba orí ayélujára kan ní Paris lọ́dún 2024, mú kí àwọn kan gbà pé kò pọn dandan láti ní irinṣẹ́ kankan. Lóòótọ́, kò lo awò àkànṣe tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé sójú, ó sì ki ọwọ́ kan bọ àpò. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tún àwòrán náà wò: ìbọn tó wà lọ́wọ́ kejì jẹ́ ìbọn ìdíje bíi ti àwọn yòókù.

Ibi tí wàhálà ti ń wá

Ọta .22 fúnra rẹ̀ ni orísun wàhálà púpọ̀. Òjé rírọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì fi ìda tàbí ọ̀rá pa á lára. Bí ó bá ti ń jáde léraléra, ìda, òjé àti èérú ẹ̀tù yóò máa lẹ̀ mọ́ inú ìbọn. Yàtọ̀ sí èyí, etí ìdí èèpo rẹ̀ ni èròjà tó ń tanná ran ẹ̀tù wà, kì í ṣe àárín. Bí èròjà náà kò bá yí etí ká dáadáa, abẹ́rẹ́ ìbọn lè gún ibi tó ṣófo, kí ọta má sì dún. Èyí ló fà á tí àwọn ayìnbọn ńlá fi ń de ọ̀pá ìbọn wọn mọ́ irin, tí wọ́n á fi dán ọta oríṣiríṣi wò, kí wọ́n tó ra èyí tó bá a mu jọ rẹpẹtẹ.

Ẹni tó bá mọṣẹ́ kì í kàn tú ìbọn palẹ̀ bí ó bá há. Èèpo tó há ni yóò kọ́kọ́ wò. Bí èèpo tó ti jó bá dúró ṣánṣán lẹ́nu ibi tó yẹ kó gbà jáde, irin ẹ̀yìn kò lọ sẹ́yìn tó nìyẹn: ó lè jẹ́ ìdọ̀tí, ó lè jẹ́ pé sípíríǹgì le ju agbára ọta lọ, ó sì lè jẹ́ ìkọ́ tí ẹnu rẹ̀ ti ya. Bí imú ọta tuntun bá forí sọ ìdí ọ̀pá ìbọn tí kò wọlé, ilé ọta ni kí a fura sí, pàápàá etí rẹ̀ méjèèjì tó di ọta mú; bí ilé ọta bá bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí sìmẹ́ńtì, ó tó láti wọ́ ọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń kọ nọ́ńbà sára ilé ọta kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí ojú abẹ́rẹ́ lára èèpo kò bá sì jinlẹ̀, abẹ́rẹ́ ti jẹ, tàbí sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ.

Nígbà mìíràn, ìbọn kò lẹ́ṣẹ̀ kankan. Bí ọrùn ọwọ́ bá rọ̀ jù, ọwọ́ àti ìbọn yóò jọ lọ sẹ́yìn pọ̀, irin ẹ̀yìn kò sì ní rí ohun tó dúró gbọin tí yóò fi lọ dé òpin. Ayìnbọn tó ti rẹ̀ lè máa bú sípíríǹgì nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ òun ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìbọn bá dún, kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ta ni ẹ̀bi náà?

Bí ìbọn bá kọ̀ lórí ìlà, ohun tí ayìnbọn kò bá ṣe ṣe pàtàkì ju ohun tó ṣe lọ. Kò gbọdọ̀ yíjú ìbọn kúrò níbi tí wọ́n ń yìn sí, kò gbọdọ̀ fa irin ẹ̀yìn, kò gbọdọ̀ jù ú sílẹ̀. Yóò di èèkù mú, yóò sì na ọwọ́ tó ṣófo sókè. Òṣìṣẹ́ ìdíje ni yóò wá gba ìbọn náà wò.

Bí abẹ́rẹ́ bá ti gún ọta tí kò dún, tí èèpo bá há, tàbí tí tírígà bá kọ̀ṣẹ́, ẹ̀bi irin ni, wọ́n á sì jẹ́ kó tún ọta márùn-ún náà yìn. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbàgbé láti ki ilé ọta wọlé dáadáa, tí kò kì í rárá, tí kò ṣí ohun ìdábòbò, tàbí tí kò jẹ́ kí tírígà padà dé àyè rẹ̀, ẹ̀bi ẹni ni. Gbogbo ọta tí kò yìn di òdo. Bó bá sì fọwọ́ kan ìbọn kí òṣìṣẹ́ tó dé, ẹjọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ irin ló kọ́kọ́ ṣẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ìbéèrè mìíràn ń ṣíwájú èyí: ta ló láṣẹ láti mú irú ìbọn bẹ́ẹ̀? Òfin ìbọn tí wọ́n ṣe lọ́dún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí a kà léèwọ̀. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ìbọn atẹ́gùn wà ní ìsọ̀rí mìíràn, ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ni ìwé àṣẹ tirẹ̀ ti ń wá. Òfin kan náà kò sì fàyè gba ẹnikẹ́ni láti ṣí ṣọ́ọ̀bù kó máa rọ ìbọn tàbí kó máa tún un ṣe láìgbàṣẹ. Ohun tí ayìnbọn ilẹ̀ Italy tàbí Jámánì ń ṣe lórí tábìlì ilé rẹ̀ lálẹ́ lè gbé ẹlòmíràn dé ilé ẹjọ́ níbí.

Bhaker ní tirẹ̀ kò jáwọ́. Ní ọjọ́ 28, oṣù Keje, ọdún 2024, ní ìdíje Olympics tí Paris gbàlejò, ó tún dúró sórí ìlà mítà 10 pẹ̀lú ìbọn atẹ́gùn. Lọ́tẹ̀ yìí ìbọn dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó gba idẹ, ó sì di obìnrin India àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ Olympics nínú ìbọn yíyìn. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, òun àti Sarabjot Singh gba òmíràn.