Irin Kékeré Tí Ó Di Páàdì Bíréèkì Mú

 

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ajílẹ̀ tàbí ti kòkòrò inú ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ń kó ire oko wa lọ sọ́jà ni. Iṣu tí ẹ fi oṣù mẹ́jọ tọ́jú, ìṣẹ́jú kan ni bíréèkì tí kò mú fi lè dà á sí kòtò, ká má tíì sọ ti ẹ̀mí àwọn tó jókòó lé e lórí.

Púpọ̀ nínú ọkọ̀ píkọ̀ọ̀pù ló ní bíréèkì onídísìkì níwájú. Bí dẹ́rẹ́bà bá tẹ bíréèkì, páàdì méjì yóò fún dísìkì tí ń bá táyà yí mọ́ àárín, ọkọ̀ yóò sì dúró. Irin wẹ́wẹ́ ló di páàdì wọ̀nyí mú sí àyè wọn. Nínú ọkọ̀ mìíràn, pínnì tí a kì bọ ihò ara páàdì ni; nínú òmíràn, kílíìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Iṣẹ́ wọn ni pé kí páàdì lè sún díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má gbọ̀n, kí ó má sì jáde.

Mo ti rí píkọ̀ọ̀pù àgbẹ̀ kan tí pínnì rẹ̀ sọnù, tí wọ́n wá fi wáyà tí bíríkìlà fi ń di irin so páàdì náà. Ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ lójú ọ̀nà oko. Nígbà tí a tú táyà, wáyà ti já, páàdì sì ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí páàdì bá jáde tán, epo bíréèkì lè dà nù, ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà yóò sì wọlẹ̀ lórí òfo.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ páàdì:

1. Ẹ ra pínnì àti kílíìpù tuntun pọ̀ mọ́ ọn. Kílíìpù àtijọ́ tó ti rọ̀ kì í di nǹkan mú dáadáa.

2. Kí mẹkáníìkì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò níbi tí páàdì ń jókòó sí. Páàdì tó bá há yóò máa ha dísìkì, táyà yóò gbóná, páàdì kan yóò sì jẹ tán ṣáájú èkejì.

3. Gíríìsì bíréèkì nìkan ni kí ó fi pa pínnì tí kálípà ń sún lórí rẹ̀. Gíríìsì lásán a máa ba rọ́bà jẹ́. Kí gíríìsì má kan ojú páàdì tàbí dísìkì rárá.

4. Kí wọ́n tó de táyà padà, ẹ fi ọwọ́ mi páàdì wò. Kò gbọdọ̀ gbọ̀n jìgìjìgì.

5. Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, kí dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irin kékeré yẹn kò ṣe nǹkan kan. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ire oko yóò máa bá yín délé o. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.