Joni Haastrup, ọmọ Yorùbá nídìí dùùrù

Ní ọdún 1971, àyè kan ṣófo nídìí dùùrù nínú ẹgbẹ́ olórin Airforce tí Ginger Baker, onílù Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀. Steve Winwood ló ti jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ẹni tí kò mọ Winwood má ṣe fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí: kò tí ì pé ọmọ ogún ọdún tí orin tó kọ pẹ̀lú Spencer Davis Group ti gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó wá rọ́pò rẹ̀ nígbà tí Airforce ń ṣeré níbẹ̀ ni Joni Haastrup, ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà.

Orúkọ Haastrup kì í ṣe àjèjì ní Iléṣà. Ó jẹ mọ́ ìdílé ọba níbẹ̀. Ohùn ni Joni kọ́kọ́ fi wọ iṣẹ́ orin. Ó kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ Modern Aces ti Orlando Julius Ekemode, tí àwo wọn, Super Afro Soul, jáde ní 1966.

Kò dúró sí òkè òkun. Lọ́dún 1971 kan náà, ó padà sílé, ó sì dá MonoMono sílẹ̀ pẹ̀lú Baba Ken Okulolo tó ń ta béèsì àti Jimmy Lee Adams onígìtá. Give the Beggar a Chance ni àwo wọn àkọ́kọ́; Dawn of Awareness tẹ̀ lé e ní 1974. Dùùrù inú wọn kì í kánjú. A máa fa ohùn gígùn sábẹ́ orin, a sì tún já a sí wẹ́wẹ́ láti dá ìlù lóhùn.

Kí ló dé tí òkìkí rẹ̀ kò fi tó ti Fela tàbí Sunny Ade? Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ owó ni. Òde àríyá ni olórin jùjú ti ń jẹun: ó ki olówó, olówó lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ta ni yóò dìde lọ lẹ owó mọ́ onídùùrù rọ́ọ̀kì tí kò ki ẹnikẹ́ni? Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀ ń béèrè iná mànàmáná, gbọ̀ngàn, àti ohun èlò tí a rà láti ìlú òyìnbó. Haastrup ṣe àwo Wake Up Your Mind lórúkọ ara rẹ̀ ní 1978. Lẹ́yìn náà ó ṣí lọ sí California.

Àwọn òyìnbó ló tún tú orin rẹ̀ síta. Ilé iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù fi í sínú àkójọ Nigeria 70 ní 2001. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Parakou, ẹ má rẹ́rìn-ín: bákan náà ló rí fún Super Borgou, ẹgbẹ́ Moussa Mama ti ìlú wa níhìn-ín, tí Analog Africa ti ilẹ̀ Jámánì kó orin wọn ti 1970 sí 1976 jọ ní 2012.

Ní báyìí, ọ̀dọ́ tó ń tẹ clavier ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi ìgbéyàwó kò wọ́n ní Parakou. Mo bi díẹ̀ nínú wọn léèrè nípa Haastrup. Kò sí ẹni tó gbọ́ orúkọ náà rí. Mo fi orin MonoMono kan sí i fún wọn. Ọ̀kan ní kí n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ orí tábìlì.