Ẹ́ńjìnnì Tó Ga Bí Ilé Alája Mẹ́rin: Báwo Ló Ṣe Ń Jẹ Epo?

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń ta aṣọ àti ẹja dídì, ọjà yín ò já bọ́ látọ̀run. Ọkọ̀ òkun ló ń kó o wá sí Àpápá. Ta ló wá ń san owó epo tí ọkọ̀ yẹn ń mu? Ẹ̀yin náà ni o! Orí ọjà ni wọ́n ń gbé e lé.

Ẹ wo Emma Maersk, ọkọ̀ tí wọ́n kàn ní Dẹ́ńmákì lọ́dún 2006. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ga tó mítà 13 àbọ̀, ó wúwo ju tọ́ọ̀nù 2,000 lọ, sílíńdà 14 ló ní, agbára rẹ̀ sì ju ti ẹṣin 100,000 lọ.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ má bẹ̀rù, ìṣe ẹ́ńjìnnì lọ́rì náà ni. Kò ní púlọ́ọ̀gì. Písítìn á fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí á fi gbóná janjan, epo á wọlé, á gbiná fúnra rẹ̀. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì, ló gbé e jáde. Ní 1897, nínú epo náírà mẹ́wàá, iṣẹ́ bíi náírà méjì àbọ̀ lẹ́ńjìnnì tiẹ̀ ṣe. Ìyókù bá ooru lọ. Ti Emma Maersk ń ṣe tó náírà márùn-ún!

Kí ni àṣírí ẹ̀? Kì í kánjú. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò lè yí ju ìgbà 2,000 lọ níṣẹ́jú kan. Eléyìí ò ju nǹkan bí 100 lọ. Písítìn rẹ̀ ń rin mítà méjì àbọ̀, kí iná lè ṣiṣẹ́ tán kó tó di èéfín. Ooru èéfín náà ò tún gbọdọ̀ ṣòfò: wọ́n fi ń se omi, oru omi á yí jẹnẹrétọ̀. Bí ìyá olóúnjẹ tó fi ẹyin iná tó kù sun àgbàdo ni.

Láti nǹkan bí 2008 tí epo ti wọ́n gógó, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ dín eré kù. Bí wọ́n bá yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá eré, agbára tí ẹ́ńjìnnì ń lò á dín ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Owó epo wálẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọjà ń pẹ́ lójú omi, èsúsú kì í sì í dúró de ọkọ̀.

Nítorí náà, ẹ tètè ra ọjà ọdún. Bí ajẹ́ńtì bá ní epo wọ́n, ẹ bi í pé: ṣé ọkọ̀ yẹn ń sáré ni, àbí ó ń rọra? Bó bá ń rọra, èwo ni ti owó gọbọi? Ẹ kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.