NÍBO NI WỌ́N TI Ń JẸ IYÁN GIDI? Ìró odó ló ń júwe búkà ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré

Awakọ̀ tó ń ná Àkúrẹ́ sí Adó-Èkìtì kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó mọ ibi tí yóò ti dúró jẹun. Bó bá ti kọjá Ìjù àti Ìtaògbólú, tó rí òkè Olósùnta tó dúró gbagidi lórí ìlú Ìkẹ́rẹ́, ara rẹ̀ á ti máa yá gágá. Àwọn èrò ọkọ̀ ni kì í mọ ibi tí wọn yóò yà sí. Wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n ń wá pátákó tí wọ́n kọ "Food is Ready" sí. Pátákó ọ̀hún wà lóòótọ́, ó tilẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tó gbé e síta ló mọ iyán gún? Búkà tí àwọn ọmọ ìlú fẹ́ràn, èyí tí wọ́n ń gba ẹ̀yìnkùlé onílé kọjá kí wọ́n tó dé, kì í sábà ní pátákó. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Odó ń polówó fún un.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n, etí ló fi ń wá a. Ìró odó kì í ṣe ọ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí iṣu ṣì wà ní wóróbo, ìró ọmọ odó á gbẹ, á máa dún kò-kò-kò. Bí iṣu bá ti ń mọ́ra, ohùn á wúwo, á di gbì-gbì-gbì, ilẹ̀ á sì máa mì lẹ́sẹ̀ ẹni tó jókòó. Bí èèyàn méjì bá ń gún un pa pọ̀, ọ̀kan ń sọ, èkejì ń gbé, ẹni tó wà lójú títì á mọ̀ pé èrò ti kún ibẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ìró náà máa dákẹ́, kó sì tún máa bẹ̀rẹ̀. Ibi tí odó bá ti ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárọ̀, tí kò tún ké mọ́ títí di ọ̀sán, ẹ má wulẹ̀ yà síbẹ̀. Wọ́n ti gún iyán ọjọ́ náà tán, inú kúlà ló wà, nínú ọ̀rá.

Ohun kejì ni ọkọ̀ tó dúró níta. Ọkọ̀ bọ̀gìnnì kan lè ṣìnà débẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá rí típà méjì, takisí mẹ́ta, alùpùpù bíi mẹ́wàá àti ọkọ̀ ọlọ́pàá kan níwájú ilé tí kò ní orúkọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ́pàá mọ ibi tí ẹran wà. Ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ká ṣọ́ra díẹ̀. Láti ọdún 1977 tí wọ́n ti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni sílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, èyí tó di yunifásítì Bamidele Olumilua ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ló ń rí jẹ lára wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń tò, oúnjẹ ibẹ̀ pọ̀ ni, kò fi dandan dùn. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, ikùn ló kọ́kọ́ ń wò, ahọ́n kàn ń tẹ̀lé e ni.

Bí ẹ bá sì fẹ́ béèrè ọ̀nà, ẹ má béèrè orúkọ búkà, nítorí kò ní. Orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe ìyá olóúnjẹ, tàbí ibi tó wà: ti ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ti abẹ́ igi ọ̀dán, Ìyá Ìbejì tó ń bẹ nítòsí ọjà. Bí ẹni tí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Èkìtì gidi, irú tó ń pe ilé ní "ulé", ó lè má júwe rárá. Á ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Èwo ni ti iyán gan-an tí àwọn èèyàn ṣe ń tìtorí ẹ̀ ya ọ̀nà? Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, ará Èkìtì kò sì fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Àwọn ará Ìbàdàn lè máa fi àmàlà Bódìjà yangàn, kò burú, àmàlà náà oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Èlùbọ́ lè wà nínú àpò fún oṣù púpọ̀. Oníbàárà dé, omi hó, a rò ó, ó parí. Iṣu kì í gba irú ìyẹn. Wọ́n á bẹ ẹ́, wọ́n á gé e, wọ́n á sè é títí yóò fi rọ̀, wọ́n á sì gún un kó tó tutù, nítorí bí iṣu bá tutù, kókó rẹ̀ kì í fọ́ mọ́. Bí iyán bá sì kúrò lódó, ó ti ń bá aago sáré nìyẹn. Láìpẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í le, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í á máa sun omi, òkèlè tó yẹ kó máa fà á di ohun tí à ń jẹ lẹ́nu bíi búrẹ́dì àná.

Nítorí náà, ìyá tó ń ta iyán ní ìṣirò kan lórí tí oníbáńkì kò lè ṣe. Èèyàn mélòó ló máa jẹun láàárín aago méjìlá sí aago kan? Iṣu mélòó ni kí ó kọ́kọ́ gbé kaná? Bó bá sè é jù, ó gbé òfò. Bí kò bá sè é tó, awakọ̀ kì í dúró, á kọjá sí iwájú. Bí eré ni yóò máa wo ẹnu ọ̀nà, á máa ka orí, á wá ké sí àwọn tó ń gúnyán lẹ́yìnkùlé pé, "Ẹ fi iṣu kan kún un o!" Ìdí nìyẹn tí irú búkà bẹ́ẹ̀ fi bá ìlú kékeré mu. Ìyá mọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọjọ́ ọjà ló ń bọ̀ lọ́la, ó mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ gba owó oṣù lánàá, ó mọ̀ pé ìsìnkú ńlá wà ní àdúgbò kejì, wọn kò ní wá jẹun lọ́dọ̀ òun ní Sátidé. Ní ìlú ńlá, ta ló mọ ẹni tó ń bọ̀? Ibẹ̀ ni kúlà ti jọba.

Iṣu náà ní ìgbà tirẹ̀. Iṣu tuntun tó ń jáde ní oṣù keje sí ìkẹjọ, omi pọ̀ nínú rẹ̀, iyán rẹ̀ á kàn máa rọ̀ gbẹ̀lẹ́gbẹ̀lẹ́ ni. Èyí tó ti gbẹ dáadáa nínú àká, tí èèyàn rí rà ní oṣù kìíní títí dé ìkẹrin, òun ni iyán rẹ̀ ń fà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀wọ́n ń dé, tí ti àtijọ́ ń tán, tí tuntun kò tíì tó. Ó yani lẹ́nu pé ilẹ̀ wa Nàìjíríà ló ń gbin nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo iṣu ayé, síbẹ̀ iyán ń di oúnjẹ olówó. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ tó ń kó iṣu wọ ìlú fò sókè. Àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ kéde pé ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nínú ìgbà ọ̀wọ́n iṣu gan-an, owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí ti ọdún tó ṣáájú. Ẹ wo bí òkèlè ṣe kéré tó láti ìgbà náà. Ìyá kò fẹ́ fi owó lé oúnjẹ kí oníbàárà má baà sá, ó wá ń dín iyán kù díẹ̀díẹ̀, oníbàárà rí i, ó dákẹ́. Àwọn méjèèjì mọ̀.

Ọbẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni gúúsù Èkìtì ti ní ọlá tirẹ̀, nítorí igbó ṣì sún mọ́ ìkòkò. Ẹ̀fọ́ tí àwọn aláràjẹ Èkó ti gbàgbé orúkọ wọn ni àwọn ìyá àgbà ń gbé wá láti oko: worowo, ẹ̀bọ̀lọ̀ tó ní òórùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀dú, yánrin tó korò díẹ̀. Bí òjò bá dé, olú àti ìgbín á dé. Ẹ̀gúsí tí wọ́n fi irú sè, tí epo ta lórí rẹ̀, tí worowo wà nínú rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹni tó bá jẹ ẹ́ pẹ̀lú iyán gbígbóná tí kò làágùn, kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ ẹran ìgbẹ́ ló díjú. Ẹni tó bá yà kúrò ní Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìsẹ̀, tó sì gba ibẹ̀ dé Emùré, òyà ló sábà máa ń ní lọ́kàn. Òyà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro, ó ń bímọ púpọ̀, pápá àti oko àpatì ló ń gbé. Ṣùgbọ́n igbó kan wà ní Ìsẹ̀ tí ìjọba fi òfin dè, tí àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí sí, wọ́n sì rí i pé ìnàkí ṣì ń bẹ níbẹ̀, irú èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ní ilẹ̀ Yorùbá. Tàkúté kò mọ òyà yàtọ̀ sí ọmọ ìnàkí. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọbẹ̀ Ìsẹ̀ yẹ kó mọ ìyẹn, kó sì béèrè ohun tó wà nínú àwo kó tó bu òkèlè. Ní ọdún 2014 tí àrùn Ebola wọ Èkó ní oṣù keje, tí gbogbo ènìyàn ń sá fún ẹran ìgbẹ́, ọjà àwọn tó ń tà á kú gan-an. Ọ̀pọ̀ olóúnjẹ fi ẹran ewúrẹ́, pọ̀nmọ́ àti ẹja títù dípò rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé kéde ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún náà pé Ebola ti kúrò nílẹ̀ wa, ẹran ìgbẹ́ sì tún padà sínú ìkòkò.

(Ọdún kan náà ni Ayọ̀délé Fáyóṣé tún padà di gómìnà Èkìtì, pẹ̀lú "stomach infrastructure" tí gbogbo ayé fi rẹ́rìn-ín. Òkìkí kàn pé gómìnà ń jẹun ní búkà lójú pópó. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ní ó mọ ara ìlú, ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ní ó ń fi oúnjẹ bo aráyé lójú. Olóúnjẹ ní tirẹ̀, bó bá ti sanwó, ó bùṣe.)

Èyí tó le jù lónìí ni ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò gún un. Àwọn géńdé tí wọ́n ń gúnyán tẹ́lẹ̀ ti gun ọ̀kadà lọ. Iṣẹ́ odó le, owó rẹ̀ kéré, èjìká ń sọ̀rọ̀ lálẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mákanjúọlá ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti ṣe ẹ̀rọ ìgúnyán láti ọdún 1975, àwọn ilé oúnjẹ púpọ̀ sì ti ń lo irú rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ń bú ẹ̀rọ. Wọ́n ní ó kàn ń gé iṣu ni, kò gún un, iyán rẹ̀ kì í fà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá jẹ́ kí ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún lè ṣí búkà rẹ̀ lọ́la, ẹ̀rọ sàn ju ìyẹ̀fun inú páálí tí wọ́n ń pè ní "Poundo" lọ. Iṣu gidi ló ṣáà wà nínú rẹ̀, gbígbóná ló sì ń bọ̀.

Ta ni yóò gba odó lọ́wọ́ ìyá ọ̀hún? Owó iyán ló fi rán ọmọ níwèé, ọmọ jáde yunifásítì, ó di nọ́ọ̀sì, ó di tíṣà, ó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ti ń sọ láti ilẹ̀ pé, "Ìwọ kò ní jìyà odó bíi tèmi." Nígbà tí Hilda Baci fi oúnjẹ sísè fún wákàtí 93 gba orúkọ nínú ìwé Guinness ní ọdún 2023, tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan náà tún gbé ìkòkò kaná fún ọgọ́fà wákàtí ní Ìlúpéjù-Èkìtì, gbogbo ọ̀dọ́ ló pariwo yè é. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn oúnjẹ sísè nígbà náà. Odó ni kò sí nínú fídíò.

Títì Adó sí Àkúrẹ́ tó bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún náà pa àwọn olóúnjẹ lára, nítorí ọkọ̀ tó bá gba ọ̀nà mìíràn gbé ọjà wọn lọ. Ọ̀rọ̀ ajínigbé wá burú ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé kan àti àwọn olùkọ́ wọn gbé nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Emùré, ó sì tó bí ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó rí ìtúsílẹ̀. Lẹ́yìn irú ìyẹn, ta ló fẹ́ jókòó fọwọ́ lá ọbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú? Ọ̀sán ni ẹ lọ.

Ẹ dé kí aago kan tó lù. Ẹ kí ìyá kí ẹ tó jókòó, "Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá," nítorí ẹni tí kò kíni, ìsàlẹ̀ ìkòkò ni wọ́n ń bù fún un. Ẹ má béèrè ṣíbí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ní sùúrù, iṣu ṣì wà lórí iná, ẹ fara balẹ̀, ibi tí ẹ ń wá nìyẹn. Ọjọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ wọn ti tìlẹ̀kùn lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá sì di aago mẹ́ta lọ́jọ́ yòókù, òyà á ti tán, ẹ̀gúsí á ti ń lọ sílẹ̀, pọ̀nmọ́ àti ẹ̀fọ́ ni ẹ máa bá.