Ìṣápá, káún àti omi ara wa

Bí ẹ bá dé ọjà Arzèkè ní Parakou, ẹ ra ìṣápá pupa tí a fi ń se bissap, ọsàn wẹ́wẹ́ kan àti káún díẹ̀. Ẹ rẹ ìṣápá sínú omi gbígbóná, kí ẹ pín in sí ife 3. Ẹ fún ọsàn sí ọ̀kan: á pọ́n sí i. Ẹ bu omi káún sí èkejì: pupa yẹn á parẹ́, á fẹ́ dà bí aró tàbí ewé. Ìkẹta, ẹ fi wò wọ́n. Asíìdì ló wà nínú ọsàn. Òdìkejì rẹ̀, tí Faransé ń pè ní base, ló wà nínú káún.

pH la fi ń wọ̀n ọ́n. Omi tó mọ́ gaara wà ní 7. Ẹ̀jẹ̀ wa wà láàárín 7,35 sí 7,45. Ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín ló ń ṣọ́ ọ.

Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, omi nìkan kọ́ ló ń lọ. Iyọ̀ ara àti bicarbonate tó ń pa asíìdì ẹ̀jẹ̀ ń bá a lọ. Bó bá le, ọmọ á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fún un ní omi káún o! Kò ní ìwọ̀n. Bí SRO kò bá sí nítòsí, ẹ po lítà 1 omi mímọ́, ṣíbí kékeré 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀. Kí ṣíbí tẹ́jú, kó má ṣe ga. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ má dá ọmú dúró, kí ẹ sì tètè gbé e lọ ilé ìwòsàn.