Yíyan Mọ́tò fún Àwòṣe Táńkì Ológun: Ìgbà Tó Bá Ń Yí Ni Ká Wò

Ìfáàrà

Àwòṣe táńkì ológun tí a ń fi rédíò darí jẹ́ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Mọ́tò méjì tí yóò máa wà á ni ìṣòro ibẹ̀. Mọ́tò tí à ń wí kì í ṣe ọkọ̀; ẹ̀rọ kékeré tí iná bátìrì ń yí ni. Wọ́n ní ojú la ti ń mọ oúnjẹ tí yóò yó ni, ṣùgbọ́n a kì í fi ojú mọ mọ́tò tí yóò wa táńkì. Àṣìyàn a máa jó, owó akẹ́kọ̀ọ́ a sì ṣòfò. Bébà yìí ṣàlàyé ìdí tí ìṣirò fi gbọ́dọ̀ dá lórí ìgbà tí táńkì bá ń yí, kì í ṣe ìgbà tó bá ń lọ tààrà.

Bí táńkì ṣe ń yí

Táńkì kò ní táyà iwájú tí a lè yí. Ẹ̀wọ̀n méjì ló fi ń rìn, mọ́tò kọ̀ọ̀kan sì ń wa ẹ̀wọ̀n kan. Kí ó tó lè yí lójú kan, ẹ̀wọ̀n kan yóò lọ síwájú, èkejì yóò padà sẹ́yìn. Nígbà náà, ẹ̀wọ̀n méjèèjì ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ nílẹ̀. Wíwọ́ yìí ló ń jẹ agbára.

Ìṣirò

Ká mú àwòṣe tó wọn kìló 3, tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí newton 30. Ẹ̀wọ̀n rọ́bà rẹ̀ fi mítà 0.3 kan ilẹ̀. Àlàfo àárín ẹ̀wọ̀n méjèèjì jẹ́ mítà 0.2. Ká ní lílọ tààrà gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀: newton 1.5 ló kan ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan.

Ní ti yíyí, ká fi 0.8 ṣe ìwọ̀n bí rọ́bà ṣe ń di kọnkéré mú. A ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 30 àti 0.3, a ó sì fi ìlọ́po mẹ́rin 0.2 pín in. Newton 9 ni ìdáhùn fún ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan, ìlọ́po mẹ́fà ti lílọ tààrà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agbára tí yóò fi gun òkè tó dagun ní dígírì 30.

Bí láti àárín wíìlì eléyín tó ń fa ẹ̀wọ̀n dé etí rẹ̀ bá jẹ́ mítà 0.025, agbára ìyí tí a nílò jẹ́ newton-mítà 0.225. Iye tí ọlọ́jà ń kọ sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà tí mọ́tò bá há tí kò lè yí mọ́. Nítorí náà, ká wá ìlọ́po mẹ́rin: 0.9, ìyẹn bíi kìló-sẹ̀ǹtímítà 9. Kí táńkì tó lè rin ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wíìlì yóò yí tó ìgbà 190 ní ìṣẹ́jú kan. Mọ́tò onígíà tó ń yí ní ìgbà 250 láìru ẹrù yóò ṣe é. Ẹ̀rọ tó ń pín iná fún un gbọ́dọ̀ lè gba iná tí mọ́tò ń fà nígbà tó bá há.

Àgbálọgbábọ̀

Kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìwọ̀n onísípíríǹgì fa àwòṣe náà ní ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n tó lọ sí ọjà. Iye tí wọ́n bá rí ni yóò rọ́pò 0.8 tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú 30. Bí ìdáhùn bá ga jù, kí wọ́n fẹ àlàfo ẹ̀wọ̀n: ní mítà 0.25, newton 9 yóò di 7.2. Ìyẹn kò náni tó mọ́tò tuntun.