Ìdí Igi ni àbí Orí-ò-jorí? Òótọ́ àti Irọ́ nípa Àyè ní IMO

Bí baálé ilé olóbìnrin púpọ̀ bá kú, ọ̀nà méjì ni ẹbí fi máa ń pín ogún rẹ̀. Wọ́n lè pín in ní ìdí igi: ìpín kan fún àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ì báà bí mẹ́wàá, ì báà bí ẹyọ kan. Wọ́n sì lè pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀ ní ọgbọọgba. Ọ̀nà méjèèjì ló wà nínú IMO, ìdíje ìṣirò àgbáyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì wọ yunifásítì. Orílẹ̀-èdè 7 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ròmáníà ní 1959. Àwọn tó ń lọ lónìí ti lé ní 100.

Irọ́: Orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ bá pọ̀ ló ń gba àyè tó pọ̀ láti kó ọmọ wá.

Òótọ́: Ìdí igi ni wọ́n fi ń pín àyè. Ṣáínà tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù kan, ọmọ 6. Luxembourg tí tirẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan, ọmọ 6. Láti 1983 ló ti rí bẹ́ẹ̀.

Irọ́: Ẹni tí kò bá kó ọmọ 6 pé, wọ́n á dá a padà.

Òótọ́: Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ kọjá 6, wọn ò ní ó gbọ́dọ̀ pé. Liechtenstein, ìlú bíńtín tí èèyàn inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 40,000, kì í sábà kó tó bẹ́ẹ̀ wá.

Irọ́: Ẹni tó bá gbàlejò á ṣojúsàájú fún ọmọ tirẹ̀.

Òótọ́: Ọmọ 6 náà ni ti onílé. Gúúsù Áfíríkà kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ìdíje náà kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Áfíríkà, ní Cape Town, ní 2014. Onílé kì í dá ìbéèrè sílẹ̀. Àwọn àlejò ló ń fi tiwọn ránṣẹ́.

Irọ́: Orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń fún ní wúrà.

Òótọ́: Tó bá di ti àmì ẹ̀yẹ, ó di orí-ò-jorí. Kálukú ló ń dá ṣe ìbéèrè 6 tirẹ̀, máàkì 7 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń gba àmì ẹ̀yẹ kì í ju ìdajì lọ. Bí wúrà bá jẹ́ ọ̀kan, fàdákà á súnmọ́ méjì, idẹ á súnmọ́ mẹ́ta. Wọn kì í wo àsíá kí wọ́n tó fún ọmọ. Àtẹ tó ń to orílẹ̀-èdè tẹ̀ léra wọn kò sí nínú òfin ìdíje náà.

Irọ́: Tí àyè bá ti dọ́gba, kò sí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Òótọ́: Ilé tí ọmọ pọ̀ sí ni ìdí igi máa ń pa lára. Ọmọ tó ṣe ipò keje ní Ṣáínà lè mọ ìṣirò ju ọ̀pọ̀ ọmọ tó lọ láti ibòmíì, síbẹ̀ ilé ló máa jókòó sí. Àpò orílẹ̀-èdè náà kò dọ́gba: onílé ń fún àlejò ní oúnjẹ àti ibùsùn, ṣùgbọ́n kálukú ló ń wá owó ọkọ̀ òfuurufú tirẹ̀. Ọmọ tó mọ ìṣirò ní Ìṣẹ́yìn, tí olùkọ́ rẹ̀ kò gbọ́ rárá pé wọ́n ń ṣe ìdánwò láti yan àwọn tó máa ṣojú Nàìjíríà, àyè 6 náà kò kàn án.

Ayé ti pín ti ìta ní ìdí igi. Ti inú ilé ló kù ká pín ní orí-ò-jorí.